Anìkànjọpọ́n Kọ́ Ni Gbogbo Ẹni Tó Ń Dá Gbé

Wọn kì í pẹ́ sọ ọ́. Kí ọkùnrin kan gba yàrá sí àdúgbò, kó máa jí lọ síbi iṣẹ́, kó máa dé ní ìrọ̀lẹ́, kó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, kó má bá wọn ta ayò, kó má bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n á ti sọ ọ́ lórúkọ. "Ẹ fi anìkànjọpọ́n yẹn sílẹ̀ jàre!" Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹjọ́ parí. Kò sẹ́ni tó tún máa béèrè bóyá ara rẹ̀ le, kò sẹ́ni tó máa pè é síbi ìkómọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣé ẹ ti jókòó rí kí ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò? Ẹ̀sùn wo gan-an ló ń fi kan èèyàn?

Bí ẹ bá dé Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́, lójúde ààfin Déjì, ẹ ó gbọ́ ọ dáadáa. Ìyá aláta tó kó gbogbo tòmátò tó dé láàárọ̀ pátá, tí kò jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí apẹ̀rẹ̀ kan rà, anìkànjọpọ́n ni wọ́n ń pè é. Olóṣèlú tó dépò tán tó gbàgbé àwọn tó bá a lẹ pósítà, anìkànjọpọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n tó ta ilẹ̀ ẹbí tí kò fún àbúrò ní kọ́bọ̀, anìkànjọpọ́n paraku. Ta ni yóò bá wọn jiyàn lórí ìwọ̀nyí? Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé orúkọ kan náà ni wọ́n tún ń gbé lé ẹni tí kò mú nǹkan ẹnikẹ́ni, tó kàn ń gbé jẹ́jẹ́ rẹ̀.

ỌPỌ́N TA NI Ó GBÉ?

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro tú. A, nìkàn, jẹ, ọpọ́n. Ẹni tó nìkan jẹ ọpọ́n. "Ẹ" tó wà lára "jẹ" ló pòórá síwájú "ọ" ti "ọpọ́n", gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ "jọbẹ̀" dípò "jẹ ọbẹ̀".

Ọ̀dọ́ òde òní tó bá gbọ́ ọpọ́n, ọpọ́n Ifá tàbí ọpọ́n ayò ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí àwo tánganran àti àwo ike tó gba ilé kan, igi ni wọ́n ń gbẹ́ tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún agbo ilé. Oúnjẹ kan, ọpọ́n kan, ọwọ́ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Ẹran wà nínú ọbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọmọdé kò gbọdọ̀ mú un títí iyán yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n ló máa pín in. Àgbà tó bá ti yó díẹ̀ á fọwọ́ sílẹ̀ kí àwọn kékeré lè rí èyí tó kù lá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, torí kò ní rí ọmọ tó máa bá a gbé e.

Ẹ ò wá rí i pé anìkànjọpọ́n kì í ṣe ẹni tó jẹun lóun nìkan? Ẹni tó gbé ọpọ́n tó jẹ́ ti gbogbo wọn sá lọ ni. Ẹni mẹ́fà ló yẹ kó jẹ ẹ́, òun nìkan dá a jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú pé ó dá wà. Ìpín ẹlòmíràn tó wà nínú ọpọ́n ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Èèyàn sì lè ní ìyàwó mẹ́ta, ọmọ mẹ́wàá, kí ilé rẹ̀ máa hó yèè láti òwúrọ̀ dalẹ́, kó sì jẹ́ ògidì anìkànjọpọ́n. Tíṣà tó fi owó ara rẹ̀ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, tó jẹ ẹ́ ní yàrá tó san owó rẹ̀, ọpọ́n ta ni ó gbé?

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Adáwà ni. Adágbé ni. Anìkàngbé ni. "Dá" tó wà níbẹ̀ ni a ń gbọ́ nínú dá sùn, dá rìn, dá ṣe é. Kì í ṣe "dá" ti Ẹlẹ́dàá, kì í sì í ṣe "dá" ti igi tó dá. Kò sí èébú kankan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Iye ni wọ́n ń sọ: ẹyọ kan ló wà níbẹ̀. Bóyá ó dára, bóyá ó burú, ọ̀rọ̀ kò sọ ọ́.

Àmọ́ òwe ò fẹ́ràn ẹyọ kan. Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé". Igi kan kì í dágbó ṣe. Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ọmọ tó bá fi etí mu irú òwe báwọ̀nyí dàgbà, bóyá ni kò ní máa wo adáwà bí ẹni tára rẹ̀ ò yá. Èyí tí wọn kì í sábà rántí ni pé àwọn àgbà kan náà ló ní àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Àgùntàn tó ń dá jẹ koríko tirẹ̀, wọn ò bá a wí.

ÀPỌ́N ÈÈYÀN, ÀÀPỌ̀N ỌBẸ̀

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nígboro ni àpọ́n. Àkúrẹ́ sì mọ àpọ́n dáadáa. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú rẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń ti Ìkàrẹ́, Ọ̀wọ̀, Òkìtìpupa dé nìyẹn, àti láti Èkìtì pàápàá, torí inú ìpínlẹ̀ kan náà ni Èkìtì wà títí di 1996. Ọ̀pọ̀ fi ìyàwó sílé, ọ̀pọ̀ kò tí ì ní. Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, sítófù kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, rédíò kan lórí àpótí. L'Oǹdó, kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ló ń kó tiwọn wá, ọ̀dọ́ tó fẹ́ di tíṣà àti tíṣà tí kò tí ì rówó ìyàwó.

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n máa ń fi àpọ́n ṣe. Wọ́n ní ó sun iṣu tán, kò rẹ́ni bá jẹ, ó wá ń bá ọmọ ewúrẹ́ ṣeré. Wọ́n ní àpọ́n dògí ó ṣàrò: ọjọ́ orí ti lọ, ààrò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò. Àpọ́n fúnra rẹ̀ á rẹ́rìn-ín sí i, á ní òun á dá wọn lóhùn lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ nílé ni kì í rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ìgbà wo lo máa mú ẹnìkan wá hàn wá?" Ìbéèrè yìí kan náà ló máa ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbàkúùgbà tó bá lọ sílé.

Ìtàn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa pa nídìí ìyá olóúnjẹ. Wọ́n ní ọbẹ̀ ààpọ̀n, ọbẹ̀ tó ń fà lọ̀ọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ iyán, àpọ́n ló sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní torí kò la wàhálà lọ, pé ọkùnrin tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ti rẹ̀, á gbé omi kaná, á da ẹ̀lú rẹ̀ sí i, á fi epo, iyọ̀, ata àti ẹja gbígbẹ sí i, ó parí. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ti èèyàn, dò-mí ni, òkè ni ohùn ń lọ. Ti ọbẹ̀, dò ni látòkè délẹ̀, kò gbérí rárá. Igi òro ló ń so èso rẹ̀, kóró inú èso náà tí wọ́n sá, tí wọ́n lọ̀, ni ààpọ̀n. Ìyá wa àgbà ti ń sè é fún agbo ilé tó kún fọ́fọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gba yàrá kan l'Àkúrẹ́. Ẹni tí kò bá fi ohùn sí ọ̀rọ̀, á kàn fi àpọ́n sebẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn ní inú ìpọ́njú ni àpọ́n ti wá, pé ẹni tí ojú ń pọ́n ni. Ohùn bára mu níbí o. Àmọ́ ohùn tó bára mu kò sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Èso tó pọ́n, "pọ́n" náà ni. Bí ẹlẹ́nu ṣáṣá kan bá wá ní àpọ́n ni ọkùnrin tó ti pọ́n lórí igi tí wọn ò tí ì ká, ta ni yóò já a nírọ́?

OBÌNRIN Ń KỌ́?

Ibí yìí ni ẹ̀rín ti ń dáwọ́ dúró. Ọkùnrin ni àpọ́n ń bá lọ. Obìnrin tó bá kúrò nílé ọkọ tó padà sí ilé bàbá rẹ̀, dálémoṣú ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń fi dálémoṣú ṣàwàdà níwájú rẹ̀. Èyí tí kò tí ì lọ́kọ rárá, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó lówó ilé lọ́wọ́, onílé mìíràn á wò ó láti òkè délẹ̀, á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ lọ́kọ? A kì í gba obìnrin tó ń dá gbé." Àpọ́n tó tẹ̀lé e wọlé, wọ́n á fún un ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ náà.

Opó tún ń kọ́? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní òpó o, òpó ilé lọ̀tọ̀. Láyé àtijọ́, inú ilé ni opó ń jókòó sí fún oṣù mélòó kan, aṣọ dúdú lọ́rùn, irun ní títú. Bí ìyẹn bá parí, wọ́n á ṣú u lópó fún àbúrò ọkọ. Èyí tó bá kọ̀, tó ní òun á máa dá gbé, tó wá dàgbà nínú yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn agbo ilé, tí ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó, orúkọ mìíràn ló ń dúró dè é. Ọmọ aládùúgbò á ṣàìsàn. Ẹnìkan á lálàá. Wọ́n á rántí pé ìyá àgbà kan ń dá sọ̀rọ̀ lóru. Ta ló tún fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀? Àjẹ́ ni wọ́n máa pè é. Òfin ìwà ọ̀daràn apá gúúsù Nàìjíríà ka pípe èèyàn ní àjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í tètè dé ẹ̀yìn agbo ilé. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀fẹ̀ lójúde ti di òkúta lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò kí ẹnikẹ́ni tó sáré pe ọlọ́pàá.

ỌKÙNRIN TÓ WÀ NÍDÌÍ ÈÉFÍN

Ìtàn Oǹdó fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dá wọn lẹ́kun. Àwọn òpìtàn ìlú náà ní olorì ọba kan bí ìbejì nígbà tí ìbejì ṣì jẹ́ èèmọ̀. Àwọn kan ní Ọ̀yọ́ ni, àwọn kan ní Ifẹ̀ ni. Ẹnu ya ọba, ó kígbe, wọ́n sì ní inú igbe náà ni oyè Òṣemàwé ti wá. Dípò kó pa wọ́n, ó ní kí wọ́n mú ìyá àtọmọ kúrò nílùú. Pupupu, ọ̀kan nínú ìbejì náà, tó jẹ́ obìnrin, ló padà di Òṣemàwé àkọ́kọ́. Ẹ ò rí i pé àwọn tí ìlú dá yọ ló dá ìlú sílẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ dó sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí wọ́n tún ṣí, wọ́n dé Òkè Agunla, wọ́n rí èéfín tó ń lọ sókè tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ òkè. Wọ́n tọ èéfín lọ. Ọkùnrin kan ni wọ́n bá níbẹ̀, Ekiri lorúkọ rẹ̀. Ohun tí ìtàn sì rántí nípa rẹ̀ ya èèyàn lẹ́nu: wọ́n ní kì í ṣe ọdẹ, kì í sì í ṣe àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Nínú igbó yẹn, láyé yẹn, bí ọkùnrin kò bá dẹ̀gbẹ́, tí kò dáko, kí ló ń ṣe? Kì í ṣe pé ilẹ̀ náà ṣófo, torí àwọn ará Ìdókò, Ìfọ̀rẹ̀ àti Ọ̀kà ti wà ní agbègbè yẹn. Síbẹ̀, ẹyọ Ekiri ni ìtàn bá nídìí iná. Bó bá jẹ́ òde òní ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wá gba yàrá l'Àkúrẹ́, tí kò níṣẹ́ tí wọ́n lè tọ́ka sí, tó kàn ń dáná lóun nìkan, àwọn onílé á ti ránṣẹ́ sí tésàn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Òun ló mú wọn lọ sí Oríden. Wọ́n ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ibi tí igi iṣu bá ti kọ̀ láti wọlẹ̀ ni kí wọ́n dúró sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi igi gúnlẹ̀, igi kọ̀, kò wọlẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ igi yìí ni wọ́n ti fa orúkọ ìlú yọ, àti Ẹ̀kìmọ̀gún tí ọmọ Oǹdó fi ń yangàn títí dòní. Ilẹ̀ ọ̀hún wà lábẹ́ ojú Ekiri kí àlejò tó dé. Ó lè dákẹ́. Ó lè pa iná rẹ̀, kó wọ igbó lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Adáwà ni, ọpọ́n tó wà níwájú rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n wá jókòó tì.

Ní ti Àkúrẹ́, ọdẹ ni tiwọn. Aṣọdẹbóyèdé ni orúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì ti sọ ìtàn rẹ̀ tán: ẹni tó ṣe ọdẹ bá oyè dé. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti já, tí wọ́n fi ní àkún rẹ́. Ọdẹ sì rèé, ẹni tó ń dá wọgbó, tó ń dá sùn ní ahéré, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ẹni tó pè é ní anìkànjọpọ́n, torí wọ́n mọ̀ pé ẹran ń bọ̀ wálé.

Ọba pàápàá ń dá gbé. Kí wọ́n tó gbé adé lé e lórí, ó ti kọ́kọ́ wọ ìpèbí, níbi tí ojú kò ti ń tó o. Nígbà ọdún Ulefunta l'Àkúrẹ́, Déjì a máa ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 7, kí ó lè gbàdúrà fún ìlú. "Ulé" inú orúkọ náà ni ilé lẹ́nu ará Àkúrẹ́. Bí Déjì bá sì wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni í ṣe adelé. Lẹ́yìn tí Ọba Adébíyìí Adéṣidà wàjà ní 2013, Ọmọ-ọba Adétutù ló délé títí di 2015. Adelé a máa múra bí ọkùnrin, ipò ọba ni wọ́n fi í sí, wọn kì í kà á mọ́ obìnrin ilé ọkọ ní gbogbo àkókò náà. Obìnrin tó ń dá wà, tí gbogbo ìlú ń kí ní Kábíyèsí! Onílé tó lé àǹtí náà lọ lánàá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tó ń dá wà bíi tirẹ̀.

Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún ilé iṣẹ́ ìjọba, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ní òun gbọ́ ohùn ní Ìkejì-Arákejì. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ń gbààwẹ̀, ó ń gbàdúrà. Àwọn kan nílé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ní 1930, Òkè-Oyè n'Íléṣà kò gbèrò mọ́, torí ọkùnrin kan náà.

ÀWỌN TÓ WÀ LÓKÈ ÒKUN

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, idiotes, fún ẹni tó gbájú mọ́ ọ̀ràn ara rẹ̀, tí kì í dá sí ọ̀ràn ìlú. Ó rìn títí ó fi dé inú èdè Òyìnbó, ó di idiot, òmùgọ̀. Inú èdè Gíríìsì kan náà ni monachos ti wá, ẹni tó wà lóun nìkan, òun ló sì di monk, tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún nínú ìjọ Àgùdà. Ẹnì kan náà tó dá wà: ọ̀kan di òmùgọ̀, èkejì di ẹni mímọ́. Ọwọ́ ẹni tó ń sọni lórúkọ ló wà.

Ní Japan, wọ́n ń pe àwọn tó ti ara wọn mọ́ yàrá fún oṣù tàbí ọdún ní hikikomori, orúkọ tí dókítà ọpọlọ kan, Tamaki Saitō, fi ìwé rẹ̀ sọ di gbajúmọ̀ ní 1998. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì yan mínísítà fún ọ̀ràn ìdáwà ní 2018, Japan yan tiwọn ní 2021. Ní 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, torí wọ́n rí i pé ìdáwà tí èèyàn kò fẹ́ ń ba ìlera jẹ́. Tí èèyàn kò fẹ́ o! Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó fẹ́ dá wà àti ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ kó dá wà, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ń tì, ẹni tó bá kàn án nìkan ló lè mọ èyí tí í ṣe.

L'Àkúrẹ́ àti l'Oǹdó, wọ́n ṣì ń kan ilẹ̀kùn. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tó kọjú síra wọn, ìkíni òwúrọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnìkan jí. "Bùrọ̀dá, ẹ ò tí ì jáde?" Ìyá yàrá kejì ló sábà máa ń béèrè, igbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n ti sọ lórúkọ, wọn kì í yà síbẹ̀. Sítófù kò rùn láti àná, rédíò kò sọ̀rọ̀, bàtà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà á gbálẹ̀ dé ibẹ̀, á wo bàtà, á wo ilẹ̀kùn. Bí anìkànjọpọ́n ni wọ́n ń pe ẹni tó wà nínú ilé, á gbálẹ̀ kọjá.